Ilé Tí A Kọ́ àti Ọmọ Tí A Kò Kọ́: Òwe Yorùbá Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n fún Iṣẹ́ Ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Àsamọ̀

Nínú bébà yìí, a ṣe àtúpalẹ̀ òwe mẹ́ta tí ó jẹ mọ́ ilé, ọba àti àgbà, a sì lo ohun tí a rí nínú wọn láti wọn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí àwọn ìjọba fi ń yangàn, pàápàá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láàrin ọdún 2010 sí 2018. Tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀, tí ó gbà pé èdè àti lítíréṣọ̀ kò ṣeé yà kúrò lára àwùjọ tí ó bí wọn, ni a fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ náà. Àbájáde wa ni pé òwe Yorùbá kò lòdì sí ilé ńlá. Ohun tí ó lòdì sí ni kí a kọ́ ilé kí a sì gbàgbé ẹni tí yóò lò ó. A dábàá pé kí olùkọ́ èdè Yorùbá máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń bi ìyìn ìjọba ní ìbéèrè.

Ìfáárà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ará Modákẹ́kẹ́ tàbí ará Ilé-Ifẹ̀ pé báwo ni gómìnà kan ti ṣe sí nígbà tí ó wà lórí àlééfà, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò ju méjì lọ: “Ó ṣiṣẹ́” tàbí “Kò ṣiṣẹ́.” Ẹni tí ó bá tún wádìí síwájú yóò rí i pé ohun tí “iṣẹ́” dúró fún nínú gbólóhùn yìí kò ju títì, afárá, ilé ìwé alájà, pápá ọkọ̀ òfuurufú àti sẹkitéríàtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà lọ. Olùkọ́ tí ó gba owó oṣù rẹ̀ pé kò sí nínú “iṣẹ́” yìí. Aláboyún tí ó bá nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru kò sí nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lásìkò kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ojú rí ni a ń pè ní iṣẹ́. Ohun tí ara mọ̀ kò ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé èdè ni ó fi ara pamọ́ sí. Kì í ṣe àwọn olóṣèlú nìkan ni ó dá ìtumọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn akéwì orí rédíò, àwọn oníròyìn, àwọn onílù òde àríyá àti àwa fúnra wa ni a jọ ń sọ ọ́ títí tí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ léèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn ni a fi ń wò ó. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ padà sí inú òwe, tí í ṣe ibi tí Yorùbá kó òṣùwọ̀n ìwà wọn pamọ́ sí, láti wo ohun tí àwọn baba wa sọ nípa ilé kíkọ́ àti ènìyàn títọ́. A kò kọ iṣẹ́ yìí láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, nítorí pé kò sí èyí tí ó mọ́ nínú wọn nípa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

Òwe Àkọ́kọ́: Ọmọ Tí A Kò Kọ́

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe tí ó sọ pé, “Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé òbí ni òwe náà ń bá wí: kí òbí má ṣe fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kọ́ ilé. Ìtumọ̀ yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìhun gbólóhùn náà wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe “kọ́” wáyé lẹ́ẹ̀mejì. “Kọ́” tí a fi ń kọ́ ọmọ àti “kọ́” tí a fi ń kọ́ ilé ní ìró kan náà àti ohùn kan náà. A kò sọ pé orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a lè rí iṣẹ́ méjèèjì bí ọ̀kan: bí a ti ń kó búlọ́ọ̀kù lé orí búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kó ẹ̀kọ́ lé orí ẹ̀kọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn alátẹnumọ́ ni òwe náà. Ọmọ ni a gbé sí iwájú, tí a sì fi “ni” tẹnu mọ́. Ilé wà ní ẹ̀yìn, ó jẹ́ àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe “gbé...tà.” Nínú gírámà òwe náà, ọmọ ni ó ní agbára lórí ilé, ilé kò ní agbára kankan lórí ọmọ. Bí ilé náà ti wù kí ó ga tó, ọwọ́ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ ni àyànmọ́ rẹ̀ wà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wo arọ́pò-orúkọ “a.” Ẹni kan náà ni “a” tí kò kọ́ ọmọ àti “a” tí ó kọ́ ilé. Nínú agbo ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò ní wàhálà, nítorí pé òbí tí ó náwó ni òbí tí yóò jìyà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà kúrò nínú agbo ilé lọ sí ilé ìjọba, “a” yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a kọ́ ilé kì í ṣe ẹni tí ó sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó sanwó rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ìṣílé. Ẹni tí yóò sì san gbèsè rẹ̀ lè má tilẹ̀ tí ì tó ìbò dì nígbà tí a ya owó náà. Ní ibi tí “a” ti fọ́ yìí ni ìná-àpà ìjọba ti ń gbilẹ̀.

Òwe Kejì: Ilé Ọba Tí Ó Jó

Òwe kejì tí a fẹ́ wò ni, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni a máa ń fi í ṣe fún ẹni tí àdánù bá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó, ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: ta ni ó bu ẹwà náà sí i? Iná kò mọ ilé kọ́. Àwọn ará ìlú ni wọ́n ń pọ́n omi, tí wọ́n ń po ẹrẹ̀, tí wọ́n ń ru ewé àti òpó nígbà tí ààfin bá fẹ́ àtúnṣe. Àdúgbò ni a ń pín iṣẹ́ náà fún. Síbẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó wọ inú òwe náà. Ọba wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ẹwà wà níbẹ̀; alágbàṣe kò sí.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ààfin, kí a má baà ṣe àbùkù fún àwọn baba wa. Kì í ṣe ilé fáàrí lásán ni ààfin jẹ́ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni a ti ń dá ẹjọ́, ibẹ̀ ni àlejò ń kọ́kọ́ yà sí, iwájú rẹ̀ ni ọjà ọba máa ń wà. Ẹni tí ó ru òpó lọ sí ààfin lónìí lè padà lọ síbẹ̀ lọ́la láti wá ìdájọ́ òdodo. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ilé náà ṣí sí ẹni tí ó bá wọn kọ́ ọ. Òṣùwọ̀n tí a rí fà yọ níhìn-ín ni pé kò tó kí a béèrè pé báwo ni ilé ti lẹ́wà tó. A gbọ́dọ̀ béèrè ta ni ó ru òpó rẹ̀, kí a sì béèrè bóyá ẹni náà lè wọlé.

Owó Kòkó àti Ilé Gogoro

Ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ lo òṣùwọ̀n yìí ni ìgbà tí gbogbo wa ń pè ní ìgbà wúrà, èyíinì ni ìgbà ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1959, wọ́n dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1960, pápá ìṣeré Líbátì dìde. Ní ọdún 1965, ní ìgbà tí ìjọba mìíràn ti dé, ilé Kòkó alájà 26 parí ní Dùgbẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni ó ru òpó ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Bọ́ọ̀dù Ìtajà ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ó sì ń tà á lókè òkun ní iye tí ó máa ń ju èyíinì lọ. Èlé àárín méjèèjì ni ó di ilé ìwé, ó di títì, ó sì di ilé gogoro. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ wà lára àwọn tí èlé yìí ti ọwọ́ wọn jáde.

Bí a bá fi òwe àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yege. Ọmọ àgbẹ̀ wọ inú ohun tí baba rẹ̀ sanwó fún, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé lónìí sì jẹ́ ọmọ àwọn tí ó jàǹfààní yìí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ìyìn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1962, Ìgbìmọ̀ Olùwádìí tí Adájọ́ Coker ṣe alága fún fi hàn pé owó tí ó jáde láti Bọ́ọ̀dù Ìtajà gba iléeṣẹ́ ìdókòwò àti ilé kíkọ́ kan kọjá sí inú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Láàrin ọdún 1968 sí 1969, kò tí ì tó ọdún márùn-ún tí ilé Kòkó parí, ni àwọn àgbẹ̀ gbé ogun Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Wọ́n ní owó orí ti pọ̀ jù, owó kòkó kò sì gbé wọn mọ́. Àgbẹ̀ tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ilé tí ó ga jù lọ ní ẹkùn náà kò rí owó orí san. Ìtàn yìí fi hàn pé ìgbà wúrà pàápàá ní ilé tí ó ṣí sí àgbẹ̀, ó sì ní èyí tí ó kàn jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni kòkó ti di ilé báyìí. Ní Côte d'Ivoire, tí í ṣe orílẹ̀-èdè tí ó ń pèsè kòkó jù lọ ní àgbáyé, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny kọ́ ilé ìjọsìn ràgàjì kan sí Yamoussoukro, ìlú abínibí rẹ̀, láàrin ọdún 1985 sí 1989. Àárín ìgbà yìí gan-an ni iye owó kòkó já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, tí ìjọba sì dín iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ kù. Ààrẹ náà ní owó ara òun àti ti ìdílé òun ni òun fi kọ́ ọ. Póòpù John Paul Kejì wá ya ilé náà sí mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ṣùgbọ́n ó ti béèrè pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé ìjọsìn náà gba ọdún mẹ́rin péré. Ilé ìwòsàn náà gba ohun tí ó lé ní 20 ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ojú ń rí tètè dìde. Ohun tí ara nílò ni ó ń dúró.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 2010 sí 2018

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2010 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ìjọba yìí gba àròjinlẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìjọba tí a lè pè ní ọ̀tá mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 2012, ó tún ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé dìde, ètò náà sì wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ wò kọ́ṣe lẹ́yìn náà. Ó kọ́ ilé ìwé tuntun fún àwọn ọmọ kéékèèké, fún àwọn àárín àti fún àwọn àgbà. Ilé ìwé gíga ti ìjọba tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ní Òṣogbo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 lè gba 3,000 akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá mọ àwọn yàrá ìkàwé tí òrùlé wọn ti ṣí, tí àwọn ọmọ wa ń jókòó sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní í bú ẹni tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ó wà nínú bí a ti ṣètò owó rẹ̀. Ní ọdún 2013, ìpínlẹ̀ náà gba nǹkan bí bílíọ̀nù 10 náírà ní ọ̀nà súkúùkù, èyí tí í ṣe ètò ìdókòwò ní ìlànà Ìsìláàmù, láti fi kọ́ ilé ìwé. Ọdún méje ni wọn yóò fi san án. Irú owó báyìí ní ìwé àṣẹ tí a kò lè yí padà: láti orísun ni a ti ń yọ ọ́ kúrò nínú ìpín ìpínlẹ̀ láti Abújá, kí ó tó dé Òṣogbo rárá. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 2014, owó epo rọ̀bì, tí ó ti lé ní 100 dọ́là fún àgbá kan ní àárín ọdún náà, já wálẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 kò tó 50 dọ́là mọ́. Ìpín láti Abújá dín kù. Gbèsè kò dín kù. Ohun tí ó ṣẹ́ kù tí a lè gé ni owó oṣù.

Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kò gba owó. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fi owó ìdóòlà ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí san owó oṣù ní ìdá-ní-ìdá láti oṣù Keje ọdún 2015: àwọn tí ó wà ní ìpele 1 sí 7 gba owó wọn pé, àwọn ìpele 8 sí 10 gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó wà ní ìpele 12 sókè sì gba ìdajì. Báyìí ni ó rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó mọ iṣẹ́ náà jù, ni ó pàdánù jù. Ní àsìkò yìí kan náà ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìdó-Ọ̀ṣun, tí a sọ ní orúkọ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, wà lára iṣẹ́ tí ìjọba náà gùn lé. Nígbà tí ó kógbá wọlé ní ọdún 2018, pápá náà kò tí ì parí.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyí, òǹkọ̀wé yìí lọ ṣe àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé ìwé tuntun kan tí a kò ní í dárúkọ. Ilé náà dára, fèrèsé rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọdébìnrin tí ó wà ní ọdún kejì, ni a bá tí ó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pa pọ̀. A béèrè olùkọ́ tí ó yẹ kí ó máa tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n ní ó wà lóko. Ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ ni ó ń wá, nítorí pé ìdajì owó oṣù kò gbé owó ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí a padà rí olùkọ́ náà, kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ mi mọ́ ọn.” Gbólóhùn yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ṣe kókó. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó, tí ó sọ pé ilé ṣe pàtàkì ju olùkọ́ lọ. Ìwé àdéhùn ni ó sọ ọ́. Gbèsè ilé ní ìwé àṣẹ. Owó oṣù olùkọ́ kò ní. Nígbà tí òjò owó dá, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ni ọ̀gbẹlẹ̀ pa.

Sẹkitéríàtì àti Ẹ̀mí Ènìyàn

Àwa tí a ń gbé Modákẹ́kẹ́ ní ìdí mìíràn láti máa ṣọ́ra fún ilé ìjọba. Ní ọdún 1996, ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sì wà lára wọn. Ibi tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ yóò wà di àríyànjiyàn, ní ọdún 1997 àríyànjiyàn náà sì di ìjà láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tí kò rọlẹ̀ títí di ọdún 2000. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé gbòǹgbò ìjà náà jìn ju ilé kan lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ìtàn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà níbẹ̀. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹni tí ó jàre. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé ìjọba ni a fi ṣáná sí i. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì, ilé jó, àwọn ọmọ kúrò ní ilé ìwé, lórí ibi tí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa jókòó sí.

Èé ṣe tí ilé ọ́fíìsì fi tó ohun tí ènìyàn ń kú sí? Ìdáhùn wa ni pé ní ibi tí iṣẹ́ ìjọba kò ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jìnnà sí ilé ìjọba, jíjẹ́ aládùúgbò ilé náà nìkan ni ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù rò pé òun lè fi rí ìpín tirẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ, oògùn àti owó oṣù bá ń dé gbogbo àdúgbò lọ́gbọọgba, ta ni yóò bìkítà ibi tí ilé náà wà?

A kò sì tíì kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà lórí àwọn tí yóò jókòó sí sẹkitéríàtì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tún gbẹ̀mí ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó sílé lẹ́yìn náà. Ilé wà ní ìdúró, a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, ìyá tí ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀ padà sílé lófo.

Àtakò àti Èsì

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan takò wá ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, wọ́n lè sọ pé ilé kíkọ́ ń fún bíríkìlà, káfíńtà àti olóúnjẹ ní iṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a san owó fún náà ń ra oúnjẹ, ó ń san owó káfíńtà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣooṣù, kì í ṣe ní ìgbà tí kọ́ńtíráàtì bá jáde nìkan. Èkejì, wọ́n lè sọ pé ọmọ mẹ̀kúnnù náà yẹ ní ilé ìwé tí ó dára. A fara mọ́ èyí pátápátá. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi sọ pé ilé tí kò ní olùkọ́ kò tí ì parí. A kàn gbé òrùlé lé e ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n lè sọ pé gómìnà kọ́ ni ó já owó epo wálẹ̀. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé abẹ́ igi tí èso rẹ̀ máa ń já mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi orí ọmọ òun tẹ́ ibẹ̀. Owó epo ti já wálẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ ṣáájú ọdún 2014. Ẹni tí ó bá ya owó ọlọ́dún méje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáàbò bo ẹni tí yóò jìyà bí ó bá tún já.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la kò le. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ òwe ní kíláàsì, ẹ má ṣe dúró lórí ìtumọ̀ tí ó wà nínú ìwé nìkan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá arọ́pò-orúkọ inú rẹ̀, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó dúró fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gbólóhùn bí “Gómìnà kọ́ ilé ìwé fún wa” síwájú, kí wọ́n sì fi ìbéèrè mẹ́rin yẹ̀ ẹ́ wò: Ta ni ó sanwó rẹ̀? Ta ni ó lè wọ inú rẹ̀? Ta ni yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣé a ó sì máa san owó fún un? Ta ni yóò san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ṣí i bá ti lọ? Ọmọ ọdún 12 lè béèrè ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ gírámà sì ni ó jẹ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí.

Ìgúnlẹ̀

Òwe kẹta ni a ó fi kádìí ọ̀rọ̀: “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.” Àwọn baba wa gbà pé ìyà ìwọra máa ń padà sórí ẹni tí ó hù ú. Bí ọ̀rọ̀ ìjọba ti rí lónìí fẹ́ sọ òwe yìí di irọ́, nítorí pé ẹni tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ń lọ sí Abújá, ọmọ tí kò bá a jẹ ni ó ń ru igbá. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn wa ni láti mú kí òwe náà tún di òótọ́. A kò lè ṣe é nípa kíkórìíra ilé. A lè ṣe é bí a bá kọ̀ láti sọ pé “Ó ṣiṣẹ́” títí tí a ó fi wo inú ilé náà, tí a ó rí olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí a ó rí ọmọ lórí àga, tí a ó sì mọ̀ pé owó oṣù ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ náà dúró gbọn-in bí òpó ilé tí a kọ́ fún un.